Alùpùpù Ńlá Tó Ń Jẹ́ẹ̀kì: Ẹ Wo Kílọ́ọ̀ṣì Kí Ẹ Tó Wo Ojú Ẹnikẹ́ni

Bí ẹ bá ń retí pé ewé àti egbò ni mo tún fẹ́ kọ nípa rẹ̀ lónìí, ẹ ní sùúrù fún mi lẹ́ẹ̀kan yìí. Kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Àwọn ọmọ wa ti ń kúrò lórí ọ̀kadà kékeré. Ẹni tó bá lówó díẹ̀ lọ́wọ́ báyìí, alùpùpù ńlá tòkúnbọ̀ ló ń rà, èyí tí wọ́n ń pè ní páwà báìkì. Ẹ máa ń rí wọn níwájú ojúbọ Ògún lọ́jọ́ ọdún, wọ́n á tò wọ́n kalẹ̀, wọ́n á so màrìwò mọ́ ọn. Ó dùn ún wò, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ọ̀kadà síìsíì 100 tó bá ta gìrì lábẹ́ èèyàn, ẹsẹ̀ lásán lèèyàn á fi gbé e dúró. Síìsíì 600 ńkọ́, tó wúwo tó nǹkan bíi kílò 200, tí agbára inú rẹ̀ tó ti mọ́tò kékeré? Bí ìyẹn bá ta gìrì, ẹni tó wà lẹ́yìn ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó sì máa ń wà lẹ́yìn nínú ilé tiwa, ìyàwó ni, tàbí ọmọ, tàbí ìyá àgbà tí a ń gbé lọ síbi ọ̀sẹ̀ Ifá.

Láàárín ọdún kan sẹ́yìn, èèyàn mẹ́ta ló ti gbé ẹjọ́ alùpùpù tó ń jẹ́ẹ̀kì wá síwájú ọpọ́n mi. Mo ní síwájú ọpọ́n, kì í ṣe síwájú ṣọ́ọ̀bù. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà tó mọ̀ mí láti kékeré mọ̀ pé lẹ́yìn tí mo ṣe ìwé mẹ́wàá tán, mo kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì alùpùpù n'Ìbàdàn, mo sì fi ọdún mélòó kan jẹun nídìí ẹ̀ kí n tó jókòó ti Ifá pátápátá. Vespa, Honda àti Suzuki kéékèèké la ń tún ṣe nígbà náà. Ẹrù ti pọ̀ sí i lára wọn báyìí, ṣùgbọ́n kílọ́ọ̀ṣì ṣì ni kílọ́ọ̀ṣì.

Ẹjọ́ kẹta ló jẹ́ kí n mú bírò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ilé wa, tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mú ìyàwó rẹ̀ wá. Wọ́n ti fi igi àti aṣọ di ọrùn ọwọ́ ìyàwó, ilé àwọn tó ń to eegun ni wọ́n ti ń bọ̀. Wọ́n dúró ní oríta kan kí ọkọ̀ akérò kan lè kọjá. Nígbà tí ọkọ dẹ kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ láti gbéra, alùpùpù fò lẹ́ẹ̀mẹ́ta gbà-gbà-gbà, ìyàwó ti wà nílẹ̀. Ọpẹ́ ni pé ọ̀nà dá lẹ́yìn wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, èyí ló kàn burú jù. Ó ti pààrọ̀ pèlétì kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì. Mẹkáníìkì tó bá a pààrọ̀ wá sọ fún un pé òun ò rí nǹkan kan mọ́ o, pé ọ̀rọ̀ yìí ju sípánà lọ.

Ọ̀rọ̀ tó ju sípánà lọ. Ẹ mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń gbé ilé gbà. Ìyá àgbà kan wà nínú agboolé wọn, ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọkùnrin yìí ni. Ọjọ́ tí wọ́n gbé alùpùpù náà délé ni ìyá ti sọ pé nǹkan yìí ti tóbi jù fún wọn. Ọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà sọ nítorí ìfẹ́ ni wọ́n wá gbé lé orí òṣùwọ̀n. Nígbà tí wọ́n máa fi dé ọ̀dọ̀ mi, wọn kì í kí ìyá yìí dáadáa mọ́, wọn kì í jẹ oúnjẹ rẹ̀, ìyàwó sì ti ń kó ọmọ kúrò níwájú ìyàrá rẹ̀.

Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi bi Ifá wò, ta ló di alùpùpù yìí mọ́ mi lọ́wọ́?"

Mo ní, "Ọmọ mi, gbé alùpùpù náà wá ná, kí n fojú kàn án."

Ó wò mí. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Babaláwo ni mo wá bá, kì í ṣe mẹkáníìkì."

Mo ní àwọn méjèèjì ló jókòó síwájú ẹ̀ yìí.

Mi ò kọ ìwé yìí láti sọ pé ayé ò sí. Ẹni tó bá ń sin Ifá ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ babaláwo tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í gba orúkọ ẹni tó ṣebi lẹ́nu ẹni tó wá dá Ifá. Léṣeléṣe la máa ń bi Ifá. Irin náà sì ní ìbéèrè tirẹ̀ tó yẹ ká bi í. Irin tó bàjẹ́, Ògún ló ni ín, Ògún náà ló ni sípánà. Ẹni tó pa ajá fún Ògún láàárọ̀ tí kò di bóòtù rẹ̀ lọ́sàn-án, àbọ̀ iṣẹ́ ló ṣe. Ẹ jẹ́ ká wá wo iṣẹ́ yòókù.

Ọ̀pọ̀ ló ń fi ọwọ́ òsì fa kílọ́ọ̀ṣì lójoojúmọ́ tí wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń fà. Ẹ́ńjìnì máa ń yí ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti tán an. Táyà ẹ̀yìn ò lè máa yí ní gbogbo ìgbà. Ohun tó ń so àwọn méjèèjì pọ̀, tó tún ń tú wọn, ni kílọ́ọ̀ṣì. Nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù, àti kékeré àti ńlá, inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ló wà, lábẹ́ ìdérí roboto kan lápá ọ̀tún. Agbọ̀n irin kan wà níbẹ̀ tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní háósìn. Ẹ́ńjìnì ló ń yí agbọ̀n yìí. Láàárín agbọ̀n ni họ́ọ̀bù wà, òun ló gba inú lọ sí jíà. Wọ́n wá to pèlétì sínú agbọ̀n bí ẹni to àwo léra: ọ̀kan tó ní ìbora bíi páálí líle lára, lẹ́yìn náà ọ̀kan tó jẹ́ irin dídán, lẹ́yìn náà onípáálí, lẹ́yìn náà irin, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí. Onípáálí ní etí lóde, etí yẹn ló wọ inú àlàfo ara agbọ̀n. Irin dídán ní eyín nínú, eyín yẹn ló gé họ́ọ̀bù jẹ. Sípíríǹgì mẹ́rin, márùn-ún tàbí mẹ́fà ló ń tẹ gbogbo wọn pọ̀.

Bí ẹ bá fa kílọ́ọ̀ṣì, ẹ ń gba àwọn pèlétì lọ́wọ́ sípíríǹgì nìyẹn. Wọ́n á tú, ẹ́ńjìnì á máa yí lásán. Bí ẹ bá wá ń dẹ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó yẹ kí àwọn pèlétì yìí kọ́kọ́ yọ̀ lára wọn fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n tó di ara wọn mú gírígírí. Yíyọ̀ díẹ̀ yẹn ni gbogbo iṣẹ́ kílọ́ọ̀ṣì wà. Kílọ́ọ̀ṣì tó ń jẹ́ẹ̀kì, kò lè yọ̀ kó lọ geere. Á dì, á tú, á dì, á tú, ara alùpùpù á máa gbọ̀n, tàbí kó dì lẹ́ẹ̀kan náà kó fò bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ìgbà wo ló ń ṣe é? Àwọn èèyàn kì í bèèrè èyí, bẹ́ẹ̀ òun ló ń gba owó là. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá ń dẹ kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ láti gbéra nìkan ni, ẹ lè máa fura sí kílọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti dẹ ẹ́ sílẹ̀ pátápátá, tí ẹ ń rọra lọ ní jíà kejì láàárín gòsìlóò, tó ṣì ń fà tó ń tì, kílọ́ọ̀ṣì ò mọ̀ sí i. Ẹ wo ṣéènì. Bí ó bá ti dẹ̀ jù, á máa nà, á máa já wálẹ̀ bí okùn tí ọmọdé méjì ń fà. Alùpùpù irú èyí sábà máa ń fẹ́ kí ṣéènì rẹ̀ lè lọ sókè sódò tó mílímítà 30 sí 40, kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tún yọ táyà ẹ̀yìn, kí ẹ wo àwọn rọ́bà tó wà nínú họ́ọ̀bù rẹ̀ níbi tí sípírókẹ́ẹ̀tì jókòó sí. Tòkúnbọ̀ tó ti pẹ́, rọ́bà yẹn á ti jẹ tán, ààyè á wá wà níbi tí kò yẹ kó ti wà. Kabúrétọ̀ tó dọ̀tí náà lè mú kó máa ta gìrì. Mo mọ ẹni tó ti ra pèlétì kílọ́ọ̀ṣì tuntun nítorí rọ́bà ẹ̀yìn táyà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ tó fọwọ́ kan okùn kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn kébù. Ẹ fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì jẹ́jẹ́. Ó yẹ kí ó kọ́kọ́ lọ díẹ̀ láìfa nǹkan kan. Lẹ́nu ọwọ́ náà níbi tó parí sí, mílímítà 10 sí 20 ni Honda máa ń fẹ́ fún èyí. Bí kò bá sí ààyè rárá, pèlétì ò ní dì tán, á máa yọ̀, á máa gbóná. Bí ààyè bá ti pọ̀ jù, pèlétì ò ní tú tán. Jíà á máa ró gbàù bí ẹ bá ti fi sí i, alùpùpù á fẹ́ máa rìn nígbà tí ẹ ṣì fa kílọ́ọ̀ṣì mú. Ẹ tún gbọ́ bí okùn yẹn ṣe ń rìn nínú awọ rẹ̀. Bí ó bá ń ha, tó ń dúró, tó tún ń lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni kílọ́ọ̀ṣì á ṣe máa dì lójijì, torí ọwọ́ yín ò lè rọra dẹ ohun tí kò fẹ́ rọra lọ. Ẹ tú orí rẹ̀ lókè, ẹ máa kán ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i títí á fi jáde nísàlẹ̀. Bí okùn inú rẹ̀ bá ti ń já níkọ̀ọ̀kan, ẹ má kán ọ́ìlì sí i o, ẹ ra òmíràn. Owó kékeré ni.

Àwọn alùpùpù kan ò ní kébù, omi búréèkì ló ń ti kílọ́ọ̀ṣì wọn. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sórí ìdérí rẹ̀ kí ẹ tó dà nǹkan kan sí i. Bí omi náà bá ti dúdú tàbí tí atẹ́gùn wà nínú rẹ̀, ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì á rọ̀ bí àmàlà, kò ní ṣe bákan náà láàárọ̀ àti lálẹ́.

Wàyí o, ọ́ìlì. Mo fẹ́ dúró níbí díẹ̀, torí ibí ni àwọn ọmọ wa ti ń bàjẹ́ jù. Mọ́tò ní kílọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ lóde, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì kì í kàn án. Ti alùpùpù wà nínú ọ́ìlì. Ọ̀pọ̀ ọ́ìlì mọ́tò ayé òde òní ni wọ́n sì ti po nǹkan mọ́ kí ó lè máa yọ̀ dáadáa kí bẹntiróòlù má tètè tán. Ohun tó dára fún mọ́tò yẹn, ó burú fún pèlétì yín. Pèlétì á máa yọ̀ jù, á gbóná, ojú rẹ̀ á dán bíi gíláàsì. Pèlétì tí ojú rẹ̀ bá ti dán bẹ́ẹ̀ kì í tún dì dáadáa mọ́, á yọ̀, á wá gbá a mú lójijì. Ẹ yí gálọ́ọ̀nù náà sẹ́yìn kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá rí JASO MA tàbí MA2, ti alùpùpù ni. MB kì í ṣe tiwa. Bí ẹ bá rí ENERGY CONSERVING tàbí RESOURCE CONSERVING, ẹ gbé e padà sórí tábìlì ẹni tó ń tà á. Fún irú alùpùpù tí mo ń sọ yìí, 10W-40 tó ní JASO MA ló tọ́. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọ́ìlì gbogbo ni ọ́ìlì, kó lọ fi epo pupa tan àtùpà kẹrosíìnì.

Alùpùpù ọmọkùnrin yẹn, Honda CBR600F ti 2001 ni, síìsíì 599, kébù ló fi ń fa kílọ́ọ̀ṣì. Ṣéènì rẹ̀ dára. Kébù rẹ̀ ní ààyè tó yẹ. Ọ́ìlì mọ́tò ló wà nínú rẹ̀, èyí tó wà fún ọkọ̀ tuntun, ìyẹn ti jẹ́ ọ̀kan. Mo ní ká ṣí i.

Ẹ má ṣí kílọ́ọ̀ṣì tí ẹ́ńjìnì bá gbóná. Bí ẹ bá fi alùpùpù náà sórí sítáǹdì ẹ̀gbẹ́ tó fi tẹ̀ sápá òsì, ọ́ìlì á wọ́ lọ sápá kejì, díẹ̀ ló máa dà. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì náà, ẹ kúkú tú u dànù. Ẹ tú bóòtù ìdérí ní ìkọ̀ọ̀kan, kí ẹ to wọ́n sórí páálí bí wọ́n ṣe wà lára rẹ̀, torí wọn ò gùn dọ́gba. Ẹ má fi ṣísẹ́ẹ̀lì lu ìdérí láti yọ ọ́. Ẹni tó ń fi ṣísẹ́ẹ̀lì ṣí ẹ́ńjìnì, ọ̀tá alùpùpù ni. Kí ẹ tó yọ pèlétì kan ṣoṣo, ẹ fi fóònù ya fọ́tò, kí ẹ sì tún máa yà á bí ẹ ṣe ń yọ ọ́. Nígbà tiwa, orí la fi ń pa á mọ́. Fóònù kì í gbàgbé.

Ẹ wo pèlétì onípáálí bóyá ó ti dán, bóyá ó ti dúdú, tó ń rùn bí nǹkan tó jóná. Nínú irú èyí, nǹkan bíi mílímítà 3 ni nípọn rẹ̀ nígbà tó wà ní tuntun. Bí ó bá ti sún mọ́ 2.6, ó ti tán. Ẹ gbé pèlétì irin sórí gíláàsì fèrèsé tó tẹ́jú, kí ẹ fi fílà géèjì, ìyẹn àwọn abẹ́ irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn ààyè, wo abẹ́ rẹ̀ yípo. Bí abẹ́ 0.3 bá lè wọlé, pèlétì náà ti tẹ̀. Èyí tó bá ti ní àwọ̀ búlúù lára, ooru ti jẹ ẹ́. Ẹni tó ń gba Òjótà tàbí Mókọ́là kọjá lójoojúmọ́ tó ń di kílọ́ọ̀ṣì mú ní àárín méjì, kó má yà á lẹ́nu bó bá rí búlúù. Ẹ fi sí fírì, ẹ dẹ ọwọ́ yín sílẹ̀.

Pèlétì ọmọkùnrin yìí, tuntun ni gbogbo wọn ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Mẹkáníìkì rẹ̀ ò jí i níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kó wọn jáde tí mo fi èékánná wọ́ ara agbọ̀n, mo rí ohun tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn. Níbi tí etí pèlétì máa ń gbá ara àlàfo, ó ti jẹ ẹ́ wọnú, bí àtẹ̀gùn kéékèèké, ọ̀kan lábẹ́ ọ̀kan. Ẹ fojú inú wò ó. Bí pèlétì bá fẹ́ sún díẹ̀ kó rọra dì, etí rẹ̀ á há sínú kòtò yẹn. Ẹ dẹ ọwọ́ díẹ̀, kò lọ. Ẹ tún dẹ ẹ́ díẹ̀, kò lọ. Ẹ tún dẹ ẹ́, ó já kúrò nínú kòtò, ó dì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Ìgbàkúùgbà tí ẹ bá fi pèlétì tuntun sínú agbọ̀n tó ti ní àtẹ̀gùn, owó lẹ dà sínú odò.

Ìyẹn nìkan kọ́. Nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù ńlá, tí Honda yìí wà lára wọn, pèlétì onípáálí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn yòókù. Ara rẹ̀ tín-ín-rín, ihò àárín rẹ̀ fẹ̀ ju tiwọn lọ. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ni pé òrùka irin méjì ló máa jókòó sínú ihò yẹn: ọ̀kan pẹlẹbẹ, ìkejì tẹ̀ díẹ̀ bí àwo, sípíríǹgì ni. Iṣẹ́ òrùka yẹn ni láti jẹ́ kí pèlétì rọra pàdé ara wọn kí wọ́n tó dì. Wọ́n dá a sílẹ̀ nítorí jẹ́ẹ̀kì ni. Ọ̀kadà kéékèèké tó kún ìgboro wa ò sábà ní irú rẹ̀. Mẹkáníìkì tó ti fi ogún ọdún tún ọ̀kadà ṣe lè máà rí i rí. Bó bá rí pèlétì kan tó yàtọ̀ láàárín mẹ́jọ, á rò pé wọ́n ṣì í fi síbẹ̀ ni l'Ọyìnbó. Á fi èyí tó dọ́gba rọ́pò rẹ̀. Òrùka méjèèjì á wá di ẹrù tó ṣẹ́ kù.

Mo bi ọmọkùnrin yẹn pé nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá a ṣe kílọ́ọ̀ṣì, ṣé nǹkan kan ṣẹ́ kù? Ó ní mẹkáníìkì náà kó àwọn irin kan fún òun sínú ọ̀rá dúdú, ó ní wọn ò wúlò. Ó sáré lọ sílé. Ó bá a lábẹ́ ìjókòó alùpùpù tó tú sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òrùka méjèèjì wà níbẹ̀, tòun ti pèlétì tín-ín-rín, tó ti jẹ tán.

Ó jókòó sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, kí la máa wí fún ìyá?"

Mo ní kí wọ́n mú obì, kí wọ́n lọ kúnlẹ̀. Wọ́n lọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo gbọ́ pé ìyá gba obì, ó pa á, ó fún wọn jẹ, ó sì tún sọ lójú wọn pé alùpùpù náà ṣì tóbi jù. Mi ò bá a jiyàn.

Ọ̀rọ̀ agbọ̀n tó ní àtẹ̀gùn: bí kò bá jìn, a lè fi fáìlì pẹlẹbẹ kékeré yọ ọ́. Ẹ yọ agbọ̀n náà jáde pátápátá, ẹ má yún un nínú ẹ́ńjìnì, nítorí èérún rẹ̀ máa wọ inú ọ́ìlì. Nọ́ọ̀tì ńlá tó wà láàárín nílò irinṣẹ́ tí a fi ń di họ́ọ̀bù mú. Ẹni tí kò bá ní in, kó gbé e fún ẹni tó ní in. Iye tí ẹ bá yọ nínú àlàfo kan, ẹ yọ iye kan náà nínú gbogbo rẹ̀, kí ojú rẹ̀ sì dúró ṣánṣán, kó má dagun. Bó bá ti máa gbà yín ju ìdajì mílímítà lọ, ẹ fi sílẹ̀, agbọ̀n mìíràn ló kù. Ní Ládípọ̀ l'Ékòó tàbí ní Gate n'Ìbàdàn, ẹ lè rí tòkúnbọ̀. Ẹ mú tiyín dání kí ẹ kà eyín rẹ̀ mọ́ ti ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, ẹ fi èékánná wọ́ àlàfo rẹ̀ kí ẹ tó na owó. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò pẹ̀lú. Sípíríǹgì wà níbẹ̀ tí rífẹ́ẹ̀tì dì mú. Bí ẹ bá mì ín tó ń ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ẹ dá a padà fún un. Ti ọmọkùnrin yìí ò jìn, fáìlì ràn án. A fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní.

Ẹ rẹ pèlétì onípáálí tuntun sínú ọ́ìlì tí ẹ fẹ́ lò gan-an, ó kéré tán kó sun ibẹ̀ di àárọ̀. Bí ẹ bá tò ó gbẹ, ó máa jóná ní wákàtí àkọ́kọ́. Pèlétì tín-ín-rín ló máa wà nísàlẹ̀. Òrùka pẹlẹbẹ á ṣáájú, oní-sípíríǹgì á tẹ̀ lé e. Ojú tí èyí tó tẹ̀ yẹn máa kọ ṣe pàtàkì, àwòrán rẹ̀ wà nínú ìwé iṣẹ́ alùpùpù náà, ẹ má fi àròsọ ṣe é. Lẹ́yìn náà, ẹ to àwọn yòókù, irin àti páálí. Ti òkè pátápátá nínú Honda yìí, etí rẹ̀ kì í wọ àlàfo tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ̀. Àlàfo kúkúrú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni tirẹ̀.

Bí ẹ bá máa pààrọ̀ sípíríǹgì, ẹ pa gbogbo rẹ̀ dà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má fi tuntun méjì mọ́ àtijọ́ mẹ́ta, pèlétì á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, jẹ́ẹ̀kì á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ di bóòtù wọn díẹ̀díẹ̀, tibí, tọ̀hún tó kọjú sí i, títí wọ́n á fi jókòó. Bóòtù kéékèèké ni, kò fẹ́ agbára. Mo ti rí ọmọ iṣẹ́ tó fi sípánà gígùn já wọn sínú họ́ọ̀bù, iṣẹ́ ọjọ́ méjì ló kó bá ọ̀gá rẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun fún ìdérí, ọ́ìlì tuntun títí dé àmì.

Ẹ tán ẹ́ńjìnì ní fírì fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, kí ẹ máa fa kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ máa dẹ ẹ́, kí ọ́ìlì lè dé gbogbo ojú pèlétì. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e jáde, ẹ má gbé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ má sì fi eré gbéra. Pèlétì tuntun ń wá ibi tó máa jókòó sí. Lẹ́yìn kìlómítà bíi 300, ẹ padà wo ààyè ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, á ti yí padà díẹ̀. Ẹ yí nọ́ọ̀tì kébù títí á fi padà sí 10 sí 20 yẹn. Kí ẹ sì wo ìwọ̀n ọ́ìlì lọ́jọ́ kejì bí ìwé iṣẹ́ alùpùpù náà ṣe ní kí ẹ wò ó, kí alùpùpù náà dúró ṣánṣán, kí ẹ sì wò ó bóyá ìdérí ń jò.